Ẹran Ara Kékeré Tí Ń Sọ Orúkọ Àrùn

Ká sọ pé ènìyàn mẹ́ta wọ ilé ìwòsàn kan náà ní ọjọ́ kan náà. Olúkúlùkù wọn ni kókó so sí lọ́rùn, kókó náà sì tóbi tó ẹyin ẹyẹlé. Bí a bá fi ọwọ́ kàn wọ́n, ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá fi ojú wò wọ́n, bákan náà ni wọ́n rí. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ikọ́ ife ni ó wọ inú kókó ti ẹni àkọ́kọ́, kí ti ẹni kejì jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ, kí ó sì jẹ́ pé egbò orí lásán ni ara ẹni kẹta ń bá jà. Ẹni àkọ́kọ́ ní láti lo oògùn fún oṣù mẹ́fà láìdáwọ́ dúró. Ẹni kejì ní láti gba ìtọ́jú líle ní kíákíá. Ẹni kẹta kò nílò ju kí a wẹ egbò orí rẹ̀ kí a sì fi oògùn sí i lọ. Bí a bá ṣi oògùn ti ọ̀kan lò fún èkejì, ẹni tí ìbá yè lè kú, ẹni tí kò sì ní àrùn ńlá kan lè fi owó àti ara rẹ̀ ṣòfò.

Ta ni ó wá ń sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Dókítà kan ni, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò fojú kàn rí. Kì í jókòó ti aláìsàn, kì í gún ni ní abẹ́rẹ́, kì í sì í kọ ìwé oògùn. Inú yàrá àyẹ̀wò ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí a sì ń gbé wá fún un ni ẹran díẹ̀ tí a gé lára aláìsàn. Nínú ẹran kékeré yìí ni ó ti ń ka ìtàn àrùn, tí ó sì ń sọ orúkọ rẹ̀ fún dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ dókítà aṣàyẹ̀wò ẹran ara yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí.

BÍ ÌMỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn oníṣègùn gbà pé àìsàn a máa dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀, òróòro àti àwọn omi mìíràn tí ó wà nínú ara kò bá dọ́gba mọ́. Gbogbo ara lápapọ̀ ni wọ́n ka àìsàn sí, kì í ṣe ibì kan pàtó. Ní ọdún 1761 ni Giovanni Battista Morgagni, olùkọ́ ní Yunifásítì Padua ní ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé ńlá kan jáde, nígbà tí ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó to ìtàn àwọn aláìsàn bí ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún sínú ìwé náà. Fún olúkúlùkù wọn ni ó fi ohun tí aláìsàn ń ké sí nígbà ayé rẹ̀ wé ohun tí a rí nígbà tí a ya òkú rẹ̀ wò. Ohun tí ó fi hàn ni pé àìsàn ní ibùjókòó: ọ̀kan wà nínú ọkàn, òmíràn nínú ẹ̀dọ̀, òmíràn nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Xavier Bichat dìde ní ìlú Paris. Kò pẹ́ láyé, nítorí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó kú ní 1802. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí a ti ń fi oríṣi òwú hun aṣọ ni a fi oríṣi ẹran hun ẹ̀yà ara, irú ẹran kan náà a sì máa ṣàìsàn lọ́nà kan náà níbikíbi tí ó bá wà. Ojú lásán àti ọwọ́ ni Bichat fi ṣe iṣẹ́ yìí, láìlo awò kankan.

Ẹni kẹta ni Rudolf Virchow, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1858, ní ìlú Berlin, ó tẹ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, ó sì kéde pé inú sẹ́ẹ̀lì ni kí a ti wá ìbẹ̀rẹ̀ àrùn. Sẹ́ẹ̀lì ni yàrá tín-tìn-tín tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí; ojú lásán kò lè rí i, àfi kí a lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Virchow sọ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, àti pé sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣàìsàn, inú èyí tí ó ti dára rí ni ó ti jáde. Bí ẹni ń tọpa olè ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Morgagni mọ àdúgbò tí olè náà wọ̀, Bichat mọ agbo ilé, Virchow sì mọ yàrá tí ó sá sí.

ÌRÌN-ÀJÒ ẸRAN ARA

Ẹran tí a gé kúrò lára kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a dá a dúró bí ó ti wà. Omi oògùn tí à ń pè ní fọ́málíìnì ni a ń rì í sí. Omi náà yẹ kí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, ẹnu ìgò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀, nítorí ẹran tí a fi ipá kì bọ inú ìgò tóóró yóò le mọ́ ibẹ̀, kò sì ní ṣeé yọ láìbàjẹ́. Ara ìgò ni a ń kọ orúkọ aláìsàn sí, kì í ṣe ara ìdérí, nítorí ìdérí ìgò kan lè bọ́ sórí òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọtí líle fa omi inú ẹran náà jáde díẹ̀díẹ̀, a ó tún fi oògùn mìíràn lé ọtí náà, kí ìda yíyọ́ lè ráyè wọ ibi tí omi ti kúrò. Ìda yìí jọ èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là. Ẹni tí ó bá ti gé ẹ̀dọ̀ tútù rí mọ ìdí rẹ̀: ẹran rírọ̀ kò ṣeé gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìda bá tutù, tí òun àti ẹran di ọ̀kan, ẹ̀rọ tí ó ní abẹ mímú lè gé e sí abala tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to igba (200) irú rẹ̀ lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní nípọn ju mìlímítà kan lọ.

Abala tí ó fẹ́lẹ́ tó báyìí kò ní àwọ̀ kan tí ojú lè rí; ìmọ́lẹ̀ a là á kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń rẹ ẹ́ láró. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ̀ pé ibi tí a bá fi ẹ̀kọ kùn lára aṣọ àdìrẹ kì í gba aró, ìyókù aṣọ a sì gbà á, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ń yọ. Ẹran ara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aró méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Inú igi kan tí ń hù ní ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni a ti ń yọ aró kìíní, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ haematoxylin. Kóró tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ni ó ń gbà á, tí ó sì ń dúdú bí aró ẹ̀lú. Aró kejì, eosin, ń mú ìyókù ara sẹ́ẹ̀lì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí a bá ti lẹ abala náà mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, ó di ohun tí dókítà lè gbé sábẹ́ awò.

Iṣẹ́ yìí a máa gba ọjọ́ mélòó kan, kò sì yẹ kí aláìsàn rò pé ṣe ni a gbàgbé òun. Nígbà mìíràn, tí aláìsàn bá wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tí dókítà sì ní láti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ibi tí yóò gé dé, a lè fi yìnyín mú ẹran náà le dípò ìda, kí èsì sì dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í mọ́ tó ti ìda, nítorí náà a tún ń fi ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

OHUN TÍ OJÚ Ń WÁ LÁBẸ́ AWÒ

Àgbẹ̀ tí ó mọ oko rẹ̀ dáadáa ni ó ń tètè rí ipa ẹsẹ̀ àjèjì níbẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni dókítà aṣàyẹ̀wò fi ń kọ́ bí ara líle ti rí, kí ó tó lè dá ara tí ń ṣàìsàn mọ̀. Ó ń wo bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti tò, bí kóró wọn ti tóbi tó, bí wọ́n ti ń pín sí méjì lemọ́lemọ́ tó, bóyá wọ́n dúró sí ààyè wọn, àti bóyá àlejò kan wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mẹ́ta tí kókó wà lọ́rùn wọn. Nínú kókó ẹni kẹta, tí egbò orí ń yọ lẹ́nu, sẹ́ẹ̀lì pọ̀ bí èrò ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ètò ibẹ̀ kò dàrú. Olúkúlùkù wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Nínú kókó ẹni àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jà fún ara ti kó ara wọn jọ bí odi ìlú láti sé ọ̀tá mọ́lé. Díẹ̀ nínú wọn ti para pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńláńlá, tí kóró inú wọn tò yíká bí irin pátákò ẹṣin. Àárín odi náà ti kú, ó sì rí bí wàràkàṣì tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí a bá wá lo aró mìíràn tí a ṣe fún kòkòrò ikọ́ ife, kòkòrò náà lè yọ pupa bí ọ̀pá tín-ín-rín.

Ti ẹni kejì yàtọ̀. Kóró àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi, wọ́n dúdú, ọ̀kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Wọ́n ń bí sí i nígbà tí ara kò bẹ̀ wọ́n ní ọmọ. Èyí tí ó burú jù ni pé wọn kò mọ ààlà: wọ́n já ọgbà, wọ́n sì wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Èyí ni jẹjẹrẹ.

ÀWỌN ỌMỌDÉ KAMPALA

Kò sí ìtàn tí ó fi èrè iṣẹ́ yìí hàn ní ilẹ̀ Áfíríkà ju ti àwọn ọmọdé kan ní Uganda lọ. Ní ọdún 1957, ní Ilé Ìwòsàn Mulago ní Kampala, a pe oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, tí a bí ní ilẹ̀ Ireland, kí ó wá wo ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún, ó wú lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú Burkitt lójú. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Jinja, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí ọmọ mìíràn tí ojú rẹ̀ wú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ó yẹ ọmọ náà wò, ó bá kókó nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wú àti eyín tí ń mì lè pè é ní àìsàn eyín. Ẹni tí ó bá rí ti ikùn lè pè é ní àìsàn kíndìnrín tàbí ti ẹ̀dọ̀. Burkitt kò dúró lórí ohun tí ojú rí. Ó lọ sí ibi ìwé àkọsílẹ̀. Láti ọdún 1951 ni dókítà aṣàyẹ̀wò kan ní Kampala, J. N. P. Davies, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí a ń kọ gbogbo àrùn jẹjẹrẹ sí níbẹ̀, a sì tọ́jú ẹran ara àwọn aláìsàn pa mọ́. Nínú ìwé wọ̀nyí ni Burkitt ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bá ti ikùn rìn, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Nígbà tí Davies àti ẹnì kejì rẹ̀, Gregory O'Conor, gbé ẹran ara wọn sábẹ́ awò, òtítọ́ hàn. Yálà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tàbí láti inú ikùn, àwòrán kan náà ni: àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré dúdú tí wọ́n kún fọ́fọ́, àti sẹ́ẹ̀lì ńlá funfun tí ó fọ́n káàkiri láàárín wọn, bí ìràwọ̀ lójú ọ̀run alẹ́. Ohun tí a ti ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ jẹ́ àrùn kan ṣoṣo, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbèjà ara. Wọ́n ròyìn èyí ní 1960.

Orúkọ tí a rí yìí yí ìtọ́jú padà. Abẹ kò lè lé àrùn tí ó wà níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ń yára bí ni oògùn jẹjẹrẹ ń yára pa, sẹ́ẹ̀lì àrùn yìí sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nígbà tí a fún àwọn ọmọ náà ní oògùn, ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀, àwọn kan nínú wọn sì yè.

Ní 1961, Burkitt àti dókítà méjì mìíràn, Ted Williams àti Cliff Nelson, wa ọkọ̀ fún ẹgbàárùn-ún (10,000) máìlì láti Uganda títí dé gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń béèrè àrùn náà láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ tí ó gbóná tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa ni wọ́n ti ń rí i, wọn kò rí i lórí òkè gíga tí ó tutù. Èyí tọ́ka sí ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀.

Ní ìlú London, Anthony Epstein ń wá kòkòrò tí ó lè fa àrùn náà nínú ẹran tí a ń fi ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí i láti Kampala. Ní ìparí ọdún 1963, kùrukùru mú kí ọkọ̀ kan lọ balẹ̀ sí ìlú Manchester, ẹran náà sì pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó dé, omi inú ìgò ti dà bí omi tí ó bàjẹ́. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù. Epstein mú ẹ̀kán kan níbẹ̀, ó fi awò wò ó, ó sì rí i pé kì í ṣe ìdíbàjẹ́: sẹ́ẹ̀lì àrùn náà ni ó já kúrò lára ẹran tí ó ń léfòó nínú omi, ní ààyè. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni òun, Bert Achong ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kéde ní 1964. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a rí nínú jẹjẹrẹ ènìyàn. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní gbogbo ayé láìṣe wọ́n ní nǹkan. Ṣùgbọ́n lára ọmọ tí ibà ń dà láàmú nígbà gbogbo, ìgbèjà ara a dàrú, àrùn yìí a sì ráyè.

NÍ ÌBÀDÀN

Àrùn àwọn ọmọ Kampala kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé Ìwòsàn Yunifásítì, U.C.H., tí a ṣí ní Orítamẹ́fà ní ọdún 1957, ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn wọn wú lọ́nà kan náà. Ní ọdún 1960, ní ẹ̀ka àyẹ̀wò àrùn níbẹ̀, a dá Ìwé Àkọsílẹ̀ Jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀. Ọjọ́ orí aláìsàn, ibi tí ó ń gbé, àti orúkọ àrùn tí a rí ni a ń kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti lè mọ irú jẹjẹrẹ tí ń mú ọmọdé àti èyí tí ń mú àgbà, èyí tí ń pọ̀ sí i àti èyí tí ń dín kù. Ẹni tí kò ka ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kò lè mọ èyí tí ó sọnù. Ìjọba tí kò ní irú àkọsílẹ̀ yìí kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí ó ná owó ìwòsàn sí. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí a sọ nù kò lè wọ inú ìwé kankan.

OHUN TÍ Ó KÙ SỌ́WỌ́ ALÁÌSÀN

1. Kókó tí kò bá fọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ó ń tóbi sí i, yẹ kí a fi han dókítà, ìbáà má dunni. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tí eyín rẹ̀ sì ń mì kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé. Kí a má fa eyín náà kí a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àrùn tí ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì kì í dúró de ẹni tí ń wo sùn-ùn.

3. Nígbà tí a bá yọ kókó kan, kí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ béèrè pé: Níbo ni a fi ẹran náà ránṣẹ́ sí, ìgbà wo sì ni èsì yóò dé? Kí a má gbà kí a dà á nù, kí a má sì gbé e sínú omi lásán tàbí ògógóró. Kí a sì padà wá gba èsì náà. Ìwé èsì tí ó wà nínú dúróà kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

4. Ìbẹ̀rù pé abẹ yóò mú kí àrùn tàn kálẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún àyẹ̀wò. Dókítà ni ó mọ kókó tí ó yẹ kí a fi abẹ́rẹ́ fà nínú rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a gé díẹ̀ lára rẹ̀, àti èyí tí ó yẹ kí a yọ lódindi. Ìdádúró ni ewu tí ó tóbi jù. Bí a bá sì ní kí aláìsàn padà wá kí a tún gé díẹ̀ sí i, kí ó má bínú. Ẹran tí ó kéré jù lè má sọ gbogbo ìtàn.

5. Kí àwọn obìnrin má dúró di ìgbà tí àìsàn bá dé. A lè gba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ láìlo abẹ, kí a sì fi awò wò ó. Ìyípadà tí ń ṣáájú jẹjẹrẹ ibẹ̀ a máa hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ tó dé, a sì lè dá a dúró nígbà náà.

Àwọn ènìyàn mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú kókó tí ó jọra. Bí a bá gé ẹran díẹ̀ lára olúkúlùkù, tí a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, orúkọ mẹ́ta ni wọn yóò gbé jáde, oògùn tí ó bá orúkọ olúkúlùkù mu ni yóò sì tẹ̀ lé e. Àìsàn tí a bá mọ orúkọ rẹ̀ ni a lè dojú oògùn kọ.